Ó ya, ó já, ó bó: Àríwísí lórí èdè ìlẹ̀mọ́ àti ìdè nínú ṣíṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì alágbára

Iṣẹ́ yìí jẹ́ àríwísí lórí ọ̀nà tí àwọn ìwé ìtọ́nisọ́nà èdè Gẹ̀ẹ́sì ń gbà sọ̀rọ̀ nípa gọ́ọ̀mù, okùn, bóòtù àti síkúrù tí àwọn tó ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá ṣeré ní Amẹ́ríkà ń lò. Mo mú iṣẹ́ ọwọ́ yìí wá sínú kíláàsì ìtumọ̀ wa nítorí pé àṣìṣe ọ̀rọ̀ kì í lè fara pamọ́ nínú rẹ̀: bí ọ̀rọ̀ bá ṣi ẹni tó ń ṣe é lọ́nà, rọ́kẹ́ẹ̀tì lè já bọ́ láìsí páráṣúùtì, lórí pápá tàbí lórí ènìyàn. Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, «strong» àti «fail», ń gbé ẹrù tó ju agbára wọn lọ nínú àwọn ìwé náà, àti pé ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá lè tú ẹrù náà palẹ̀, bí a kò bá sáré túmọ̀ wọn sí «lágbára» àti «bàjẹ́».

Kí ni à ń pè ní rọ́kẹ́ẹ̀tì alágbára? Lọ́dọ̀ National Association of Rocketry (NAR), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957, àti Tripoli Rocketry Association, lára àmì tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ ni pé àpapọ̀ ìtì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ju 160 N·s lọ, tàbí pé ìpíndọ́gba ìtì náà ju 80 N lọ. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń to àwọn ẹ́ńjìnnì: H kò ju 320 N·s lọ, I kò ju 640 lọ, J kò ju 1280 lọ. Òpin lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì ti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ohun kékeré ni èdè iṣẹ́ náà ti dàgbà. Nígbà tí ìwé G. Harry Stine, «Handbook of Model Rocketry», kọ́kọ́ jáde ní 1965, páálí, igi balsa àti ike ni àwọn ènìyàn fi ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì eré. Èdè ayé kékeré yẹn ni wọ́n gbé lọ bá ohun ńlá.

Ìlànà ààbò NAR fún rọ́kẹ́ẹ̀tì alágbára ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lórí ohun èlò, ó ní kí a lo ohun fúyẹ́ nìkan: pépà, igi, rọ́bà, ike, fiberglass, àti, bó bá di dandan, irin tó lè tẹ̀. Ó yẹ ká yìn ín fún èyí tó gbẹ̀yìn yìí. Ọ̀rọ̀ tó fi ṣàpèjúwe irin, «ductile», ń sọ bí irin náà yóò ṣe ṣe nígbà tí ipá bá borí rẹ̀: yóò tẹ̀ tàbí kó nà, kò ní fọ́ wẹ́wẹ́ kó máa fò káàkiri. Níbẹ̀ ni ìlànà náà ti ronú jinlẹ̀ jù. Àmọ́ ó dárúkọ àwọn ohun tí a ń so pọ̀, kò dárúkọ ohun tó so wọ́n pọ̀. Gọ́ọ̀mù kò sí nínú àtòkọ náà. A lè gbèjà rẹ̀ pé ìlànà ààbò kì í ṣe ìwé iṣẹ́ ọwọ́, àti pé ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà ṣáájú máa ń yẹ rọ́kẹ́ẹ̀tì wò kí ẹni tó ṣe é tó fi gba ìwé ẹ̀rí. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í sábà tú láàárín pákó. Ojú oríkèé ló ti ń tú.

Ní Yorùbá, ó ṣòro láti sọ pé nǹkan kan kò lè gbé ipá mọ́ láìsọ bó ṣe rí. Okùn já. Igi ṣẹ́. Àwo fọ́. Aṣọ ya. Ọ̀dà bó. Ìṣó yọ. Irin tẹ̀. Ìda rọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan gbé irú ohun náà, àti irú ipá tó bá a jà, sínú ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọdé tó bá ní okùn ṣẹ́, ìyá rẹ̀ yóò tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn tilẹ̀ ń ya gọ́ọ̀mù tó bó kúrò lójú ohun tí a lẹ̀ sọ́tọ̀ sí gọ́ọ̀mù tó ya láàárín ara rẹ̀. Ìwé ìtọ́nisọ́nà ni kì í sábà lo ọgbọ́n yìí.

Ẹ jẹ́ ká fi gọ́ọ̀mù dán an wò. Gọ́ọ̀mù igi, èyí tí àwọn káfíńtà Àjàṣẹ́ ń pè ní colle à bois, máa ń wọ inú fọ́nrán páálí àti igi. Bí a bá fi lẹ ìyẹ́ igi mọ́ ọ̀pá páálí dáadáa, tí ó gbẹ, tí a wá fi ipá fà á, páálí ni yóò ya kí gọ́ọ̀mù tó bó. Iṣẹ́ rẹ̀ pé nìyẹn. Ẹ gbé gọ́ọ̀mù kan náà lọ sórí fiberglass: kò rí fọ́nrán tó lè wọ̀, omi inú rẹ̀ kò rọ́nà jáde, yóò sì bó. Epoxy, gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì tí à ń pò pọ̀, ló yẹ níbẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti fi sáńpépà ha ojú fiberglass tí a sì ti nù ún mọ́. Súpágúlù ní tirẹ̀ tètè ń dì, ó sì wúlò láti fi mú ìyẹ́ dúró sójú kan kí gọ́ọ̀mù gidi tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbẹ, kò mọ títẹ̀ mọ́. Ìkọlù òjijì lè mú un fọ́. Èwo ló lágbára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ìbéèrè yẹn kò ní ìdáhùn. «Kí ni yóò kọ́kọ́ bọ́hùn, báwo sì ni?» ló ní ìdáhùn.

Orúkọ tó wà lára ìgò tún ń dá kún ìṣòro náà. «Epoxy oníṣẹ́jú márùn-ún» ń sọ iye àkókò tí a ní láti fi lò ó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí dì. Kò sọ ìgbà tí yóò gbó, kò sì sọ ibi tí a lè lò ó sí. Ọ̀pọ̀ epoxy tó ń dì fúnra rẹ̀ nínú yàrá lásán máa ń rọ̀ kí ooru tó dé 100°C, bẹ́ẹ̀ sì ni ara ẹ́ńjìnnì máa ń gbóná gidi lẹ́yìn tí iná bá kú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fi J-B Weld, epoxy tí lẹ́búlẹ́bú irin wà nínú rẹ̀, lẹ òrùka tó ń di ẹ́ńjìnnì mú nídìí rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣàlàyé yíyàn náà ni «rọ̀»: òun kì í tètè rọ̀.

Bó ti wù kí okùn gùn tó, ó ní ibi tí wọ́n ti fà á wá. Páráṣúùtì ń fa okùn, okùn ń fa ìkọ́, ìkọ́ ń fa bóòtù olójú, bóòtù ń fa pákó, pákó ń fa gọ́ọ̀mù tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀pá. Ká ní rọ́kẹ́ẹ̀tì náà wọn kílò 4, tí páráṣúùtì sì ṣí lójijì débi tó fi fà á ní ìlọ́po 50 ìwọ̀n rẹ̀: bí ìgbà tí a so ẹrù kílò 200 rọ̀ mọ́ bóòtù kan ṣoṣo ni. Bóòtù tí wọ́n kàn tẹ wáyà rẹ̀ yípo lè má ṣẹ́, ó lè má já. Ojú rẹ̀ ni yóò ṣí, ìkọ́ á sì yọ. Ẹni tó ní irin rẹ̀ lágbára kò parọ́, ṣùgbọ́n kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bóòtù tí wọ́n rọ ojú rẹ̀ pa, tàbí U-bolt tó fi ẹsẹ̀ méjì dúró lórí pákó, kò ní ojú tó lè ṣí.

Ibi tí «lágbára» ti tàn wá jẹ jù ni síkúrù ọ̀rá kéékèèké tí wọ́n fi ń di orí rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ara rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ mú un dúró nígbà tó ń gòkè, kí orí má baà yọ ṣáájú àkókò. Nígbà tí ẹ̀tù kékeré inú rẹ̀ bá sì bú láti ti páráṣúùtì jáde, wọ́n gbọ́dọ̀ já. Iṣẹ́ wọn ni láti já. Nínú ìdánwò kíláàsì, ọ̀pọ̀ ìwé tí mo gbà ló túmọ̀ gbólóhùn yìí sí «síkúrù tó lágbára dáadáa». Yorùbá náà dán, ó sì dùn ún kà. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e yóò fi irin sí ipò ọ̀rá, páráṣúùtì yóò sì há sínú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí a fi ọ̀rọ̀ Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bó ṣe wà. Lórí orúkọ ohun ọjà, mo gbà: epoxy, U-bolt, colle, boulon, gbogbo wọn lè jẹ́ àyálò, torí orúkọ tí òǹtajà mọ̀ ni òǹrajà nílò. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kò yẹ ká yá. Kò sì yẹ ká fi «bàjẹ́» bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀, torí a ó kàn ti gbé àìlera èdè àwọn ìwé yẹn wọ inú tiwa ni.

Nítorí náà, mo dábàá pé kí àtòkọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ka wa ń ṣe fún ìtumọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ní òpó mẹ́ta: orúkọ ohun náà, ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń sọ bó ṣe ń mú (lẹ̀, dè, so, kàn, há), àti ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń sọ bó ṣe ń jọ̀wọ́ (ya, já, bó, fọ́, ṣẹ́, yọ, ṣí, tẹ̀, rọ̀). Ní òpó kẹta, kí a kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ìjọ̀wọ́ náà jẹ́ ewu tàbí iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹ̀yin tó ń sọ ẹ̀ka èdè Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ fi ọ̀rọ̀-ìṣe tiyín kún un kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde.