Rọ́bà Abẹ́ Irin

Àga àti bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi mọ Kugbo ní Abuja, lójú títì tó lọ sí Nyanya. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tó yẹ ọwọ́ káfíńtà tí ojú kì í sábà rí: ilẹ̀ jíìmù.

Nígbà tí Folashade Lawal, agbérin ọmọ Nàìjíríà, gba wúrà nínú Ìdíje Commonwealth ní Birmingham lọ́dún 2022, àpapọ̀ ohun tó gbé lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ kílò 206. Irin tó bá gòkè báyẹn yóò já bọ́, símẹ́ǹtì lásán á sì là.

Ẹni tó mọṣẹ́ á to plywood ní ìpele, á fi tòkè dábùú tìsàlẹ̀ kí ojú àsopọ̀ wọn má bàa bára mu. Pákó dídán ló máa wà níbi ẹsẹ̀, rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì níbi tí irin ń balẹ̀. Táyà àlòkù tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, ni rọ́bà náà sábà máa ń jẹ́. Ẹ fi èékánná ha á létí. Bó bá ń rún, ẹ má rà á. Èyí tó nípọn tó mílímítà 20 ni mo fara mọ́. Ní ti fóòmù aláwọ̀ mèremère, iyàrá ọmọdé ló yẹ. Rọ́bà tuntun máa ń rùn o, ẹ ṣí fèrèsé.