Agbára, Ipá àti Okun: Àyẹ̀wò Èdè-Ìperí Ẹ̀kọ́ Físíìsì ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, agbára, ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń pe ohun mẹ́ta tí ìmọ̀ físíìsì yà sọ́tọ̀ gedegbe. Èkíní ni ohun tí a fi ń ti nǹkan tàbí tí a fi ń fà á, tí a ń fi newton wọ̀n. Èkejì ni ohun tó wà nínú nǹkan tó fi lè ṣiṣẹ́, tí a ń fi joule wọ̀n. Ẹ̀kẹta ni bí iṣẹ́ náà ti ń yá sí, tí a ń fi watt wọ̀n. A kò lè di ẹ̀bi èyí ru èdè Yorùbá. Láti 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà wọn hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Àìbìkítà nípa ọ̀rọ̀ ló fa ìdàrúdàpọ̀ náà.

A lè fi garawa omi ṣe àpẹẹrẹ. Bí obìnrin kan bá gbé garawa tó wọn kílógíráàmù 20 láti ilẹ̀ dé orí, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.5, yóò fi nǹkan bí newton 200 gbé e, yóò sì ṣe iṣẹ́ joule 300. Bí ó bá gbé e láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2, watt 150 ni. Bí ó bá rọra gbé e fún ìṣẹ́jú-àáyá 6, joule 300 náà ni, ṣùgbọ́n watt 50 péré ni. Olùkọ́ tó ń pe gbogbo rẹ̀ ní agbára yóò sọ pé agbára méjèèjì dọ́gba, yóò sì tún sọ pé wọn kò dọ́gba. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú rẹ̀ bá dàrú níbẹ̀ kò jẹ̀bi.

Àwọn òǹkọ̀wé kan ti ń lo ipá fún ti newton, okun fún ti joule, àti agbára fún ti watt. Ìpín yìí bá ìlò èdè mu ju bí àwọn fúnra wọn ti ṣàlàyé lọ. Ipá ni a fi ń ti ilẹ̀kùn tó há. Àwọn àgbà sì ní okun inú la fi ń gbé tìta: okun ni ohun tí oúnjẹ fi pamọ́ sínú ara kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí epo bẹntiróòlù ti fi í pamọ́ sínú táǹkì. Ní ti agbára, ẹ̀rọ ìlọta tó tètè lọ ata tán ni àwọn oníbàárà ń pè ní alágbára. Ìyára iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń wọ̀n yẹn.

Àtakò kan wà tí kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bí olùkọ́ kò bá fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, okun, okùn àti òkun kò yàtọ̀ lójú pátákó. Ipá lè di ìpá, èyí tí í ṣe àìsàn (kíláàsì yóò sì rẹ́rìn-ín). Nítorí náà, olùkọ́ físíìsì kò lè fi àmì ohùn sílẹ̀ fún olùkọ́ èdè nìkan.

Ibi tí ìpín náà ti mẹ́hẹ jù ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Alábàárù tó ru àpò ìrẹsì gba ọ̀nà tó tẹ́jú kò ṣe iṣẹ́ kankan lórí ẹrù náà láti borí òòfà ilẹ̀, nítorí òkè ni ipá rẹ̀ dojú kọ, iwájú ni ẹrù ń lọ. Ta ni yóò sọ èyí fún ọmọ alábàárù? Ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ni tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022 ni wọ́n ti fagi lé ní 2025, àmọ́ ìbéèrè yìí ṣì ń dúró de olùkọ́ ní èdè yòówù tó bá fi ń kọ́ni. Ó yẹ kí ó sọ ọ́ ní kíkún: iṣẹ́ tí a ṣe lórí ẹrù. Lẹ́yìn náà ni kí ó bi kíláàsì léèrè ibi tí okun ẹ̀bà tí ọkùnrin náà jẹ láàárọ̀ gbà lọ, kí wọ́n sì wo òógùn ara rẹ̀: iṣan rẹ̀ ti sọ okun náà di ooru.