Ìkookò Nínú Awọ Ènìyàn: Àyẹ̀wò Sinimá Jin-Roh

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé eré ọmọdé ni gbogbo sinimá tí a fi àwòrán yíyà ṣe. Jin-Roh, tí a ṣe ní ilẹ̀ Jàpáànù ní ọdún 1999, já èrò yìí ní koro. Hiroyuki Okiura ni ó darí rẹ̀, Mamoru Oshii ni ó sì kọ ìtàn rẹ̀. Okiura ti kópa nínú yíya àwòrán Akira (1988) àti Ghost in the Shell (1995) kí ó tó darí èyí, tí í ṣe àkọ́ṣe rẹ̀. Ọ̀tẹ̀ ìṣèlú ni kókó ìtàn náà. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ní àléébù, àléébù náà kò sì jìnnà sí ibi tí ẹwà rẹ̀ wà.

Ibùdó ìtàn náà ni ìlú Tokyo, ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé Ogun Àgbáyé Kejì. Òǹkọ̀tàn yí ìtàn ayé padà: Jámánì, kì í ṣe Amẹ́ríkà, ni ó ṣẹ́gun Jàpáànù. Ìyà ń jẹ mẹ̀kúnnù, ìfẹ̀hónúhàn gba ìgboro kan, ìjọba sì dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kan sílẹ̀ tí ó ń wọ aṣọ ogun onírin. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Kazuki Fuse, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá yìí, pàdé ọmọdébìnrin kan tí ó ń bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ ru bọ́m̀bù nínú ihò tí omi ìdọ̀tí ń gbà kọjá lábẹ́ ìlú. Ó yẹ kí ó yìnbọn. Kò lè yìn ín. Ọmọ náà fa okùn bọ́m̀bù, ó sì gba ibẹ̀ kú. Wọ́n pe Fuse lẹ́jọ́, wọ́n sì dá a padà sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọlọ́pàá. Níbi tí wọ́n tọ́jú eérú ọmọ náà sí ni ó ti pàdé Kei, tí ó pe ara rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n olóògbé. Irọ́ ni. Ẹ̀ka ọlọ́pàá mìíràn ni ó fi Kei ṣe ìdẹ, kí wọ́n lè ba ẹgbẹ́ Fuse lórúkọ jẹ́. Fuse pẹ̀lú kì í ṣe ẹni tí a rò pé ó jẹ́: ó wà nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn kan láàrin àwọn ọlọ́pàá, orúkọ rẹ̀ ni Jin-Roh, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ènìyàn-ìkookò. Bí ikú ilé kò bá pani, t'òde kò lè pani: kí ìtàn tó dé ìdajì, ọlọ́pàá ni ó ń dọdẹ ọlọ́pàá.

Ìkóra-ẹni-níjàánu ni agbára àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ yìí ní. Okiura ya àwọn ẹ̀dá ìtàn bí a ti ń rí ènìyàn lójú títì, kò sọ ojú wọn di ràbàtà. Ojú wọn kì í sábà yí padà. Ohun tí wọn kò sọ ni ó ń wúwo lọ́kàn òǹwòran. Bí ọlọ́pàá bá sì ti gbé ìbòjú onírin wọ̀, ojú pupa méjì péré ni ó kù. A kò tún nílò ẹni tí yóò sọ fún wa pé ọmọ ènìyàn ti fara sin.

Agbára kejì wà nínú ọ̀nà tí a gbà lo àlọ́. Ìtàn àwọn ará Yúróòpù nípa ọmọbìnrin onífìlà pupa àti ìkookò ni a ń pa díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú irú èyí tí a lò níbí, aṣọ irin ni ọmọ náà wọ̀, kò sì lè rí ìyá rẹ̀ àfi bí aṣọ náà bá gbó. Òǹwòran kọ́kọ́ rò pé òun mọ ẹni tí ó jẹ́ ọmọ àti ẹni tí ó jẹ́ ìkookò. Ṣùgbọ́n ta ni ó wọ irin nínú sinimá yìí bí kò ṣe ọlọ́pàá fúnra rẹ̀? Àlọ́ náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Òun ni òpó tí ó gbé ìtàn dúró.

Ní ti àléébù, Kei ni a ó kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ lò ó, ọlọ́pàá lò ó, Jin-Roh náà sì lò ó. Èyí ìbá jẹ́ àjálù tí ó jinlẹ̀ bí a bá mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́. Òǹkọ̀tàn pàápàá lò ó bí àwọn yòókù ti lò ó.

Èkejì ni pé ìṣèlú inú ìtàn náà kò ní ẹnu. Ní ọdún 1960, ogunlọ́gọ̀ ará Jàpáànù tú síta láti tako àdéhùn ààbò tí ìjọba wọn bá Amẹ́ríkà ṣe. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún náà ni Michiko Kanba, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Yunifásítì Tokyo, kú nínú rògbòdìyàn ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ ohun tí wọ́n ń bá ìjọba jà fún. Èéfín, òkúta àti iná irú ìgbà bẹ́ẹ̀ wà nínú Jin-Roh, ṣùgbọ́n ìjà náà gan-an kò sí níbẹ̀. Bí Jámánì ti rọ́pò Amẹ́ríkà, àdéhùn náà pòórá. Kò sí ẹnì kan nínú èrò náà tí ó sọ ohun tí ó ń dùn ún.

Èyí tí ó tóbi jù ni ẹ̀kọ́ tí ìtàn náà dì mú. Àwọn aṣáájú Jin-Roh gbà pé ìkookò tí ó gbé awọ ènìyàn wọ̀ ni àwọn, pé bí a ti dá wọn nìyẹn. Sinimá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún wọn. Síbẹ̀, ohun tí ó fi hàn wá tako èyí. Nígbà tí a pàṣẹ ní ìparí pé kí Fuse pa Kei, ìrora bò ó mọ́lẹ̀ kí ó tó yìnbọn. Ọkùnrin mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà sì dúró lókèèrè, ìbọn lọ́wọ́, bóyá Fuse kò ní lè ṣe é. Bí ó bá jẹ́ pé a dá a ní ìkookò, kí ni wọ́n ń fi ìbọn kejì ṣe? Àṣẹ àti ẹ̀rù ni ó sọ ọ́ di ẹranko, kì í ṣe ìṣẹ̀dá.

Sinimá tí ó tó wò, tí ó sì tó jiyàn lé lórí, ni Jin-Roh. Ẹni tí ó bá wò ó kí ó má tẹ́tí sí ohun tí àwọn ìkookò ń sọ nípa ara wọn nìkan. Kí ó wo ọwọ́ ẹni tí ó mú ìbọn kejì.