Gbòǹgbò Ta Ni? Àgbéyẹ̀wò Àwo Orin Roots ti Ẹgbẹ́ Sepultura

Ìfáárà

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Òwe yìí bá ẹ̀kọ́ lórí àṣà Yorùbá ní Brazil mu, ṣùgbọ́n orísun odò kan lè ju ẹyọ kan lọ. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò Roots, àwo orin kẹfà tí ẹgbẹ́ Sepultura gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 1996. Ohun tí ó fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé gbòǹgbò inú àwo náà kì í ṣe ogún lásán; ohun tí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín ni. Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá ṣọ́ra kó tó pè é ní ti Yorùbá.

Bí àwo náà ṣe wáyé

Ìlú Belo Horizonte ni wọ́n ti dá Sepultura sílẹ̀ ní ọdún 1984. Orin heavy metal ni tiwọn: gìtá tó ń dún kíkankíkan, ìlù tó ń sáré, àti ohùn tó ń bú ramúramù bíi ti kìnnìún. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́. Nínú Chaos A.D. (1993), wọ́n fi orin kan sọrí àwọn Kaiowá, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Brazil. Ní ìparí ọdún 1995, wọ́n lọ sí abúlé àwọn Xavante ní Mato Grosso. Àwọn onílé gbà wọ́n láyè, wọ́n sì gba orin sílẹ̀ níbẹ̀. Indigo Ranch ní Malibu, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni iṣẹ́ yòókù ti wáyé lábẹ́ ìdarí Ross Robinson. Carlinhos Brown, onílù ọmọ Salvador ní Bahia, náà lọ́wọ́ sí i.

Ọnà inú àwo náà

Ibi tí ọnà rẹ̀ ti gúnwà jù lọ ni “Itsári”, ọ̀rọ̀ Xavante tó túmọ̀ sí gbòǹgbò. Ohùn àwọn Xavante ló ṣíwájú níbẹ̀. Gìtá kàn rọra ń tẹ̀ lé wọn bí àlejò tó mọ ìwà hù ni.

“Ratamahatta” kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlù inú rẹ̀ dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ Zumbi tó jẹ́ akọni, Lampião tó jẹ́ olórí ọlọ́ṣà, àti Zé do Caixão tó jẹ́ ẹ̀dá inú fíìmù abanilẹ́rù ni wọ́n dà pọ̀ sínú ìkòkò kan. Nínú oríkì, orúkọ a máa fa ìtàn lẹ́yìn. Níhìn-ín, orúkọ dún, ìtàn kò tẹ̀ lé e.

Ṣé ti Yorùbá ni?

Lóòótọ́, Salvador ni ìsìn Candomblé ti Kétu ti gbilẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Yorùbá kọrin fún òrìṣà. Èyí lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ pé ìlù Yorùbá ló wà nínú àwo yìí. Ẹ̀rí tó hàn gbangba jù tọ́ka sí ibòmíràn. Berimbau tó ṣíde orin “Attitude” jẹ́ ohun èlò tó ṣẹ̀ wá láti agbègbè Angola. Ọdún 1695 ni wọ́n pa Zumbi, olórí Palmares, ó ju àádọ́rin ọdún lọ kí ọ̀pọ̀ Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé Bahia.

Ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀

Àwọn olùfẹ́ ẹgbẹ́ náà kan ráhùn pé gìtá ti rọrùn jù. Ní oṣù kejìlá 1996, Max Cavalera, olórí akọrin, fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó sì dá Soulfly sílẹ̀ ní 1997. Derrick Green, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ló rọ́pò rẹ̀. Ní 2016, Max àti Igor àbúrò rẹ̀ rìnrìn-àjò láti tún kọ gbogbo àwo náà. Ipa rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni pé ó fi hàn pé ìlù ilẹ̀ ẹni lè jẹ́ eegun ẹ̀yìn orin heavy metal, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán.

Ìkádìí

Roots yẹ ní gbígbọ́ ní kíláàsì. Kí olùkọ́ fi “Itsári” àti “Attitude” sí ẹ̀gbẹ́ orin bàtá, kí ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. Ẹni tó bá ka gbogbo ìlù aláwọ̀ dúdú ní Brazil sí ti Yorùbá, ó ti gba gbòǹgbò lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun bákan náà.