Aṣọ Olè, Aṣọ Ọ̀tọ̀kùlú: Ìdájọ́ Magwitch nínú Ìwé Dickens

Láti ọdún 1788 títí di ọdún 1868, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ẹlẹ́wọ̀n tí ó lé ní 160,000 lọ sí Ọsirélíà. Olè jíjà ni ẹ̀sùn púpọ̀ nínú wọn. Ọdún 7, ọdún 14, tàbí títí ọjọ́ ikú ni adájọ́ máa ń dá fún wọn. Inú ìtàn yìí ni Charles Dickens ti fa Abel Magwitch yọ nínú ìwé tí ó jáde láàárín ọdún 1860 sí 1861, èyí tí àwa ń kà lédè Faransé ní orúkọ Les Grandes Espérances. Ìtàn ìfẹ́ Pip àti Estella ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí. Ní tiwa, ìbéèrè tí ó jẹ́ ọkàn ìwé náà ni pé: ta ni à ń pè ní olè?

Ẹ kíyè sí i pé ẹni àkọ́kọ́ tí ó jalè lójú wa níbẹ̀ ni Pip fúnra rẹ̀. Ó jí oúnjẹ nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún Magwitch, ẹlẹ́wọ̀n tí ebi ń pa tí ó sì dẹ́rù bà á. Kò sí ilé ẹjọ́ tí ó pè é. Magwitch náà, ebi ni ó sọ ọ́ di olè oko olóko léwe, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ni ó gba òun tọ́.

Nígbà tí òun àti Compeyson jọ jẹ́jọ́, Compeyson ni ó ti mú un wọ ọ̀ràn náà. Síbẹ̀, nítorí aṣọ dáradára àti ọ̀rọ̀ dídùn, ọdún 7 ni ti Compeyson, ọdún 14 ni ti Magwitch. Àwọn àgbà wa ní, ẹni tí ó jalè tí ó da aran bora, aṣọ olè ni ó dà bora. Ní ilé ẹjọ́ yìí, aran ni ó bo olè mọ́lẹ̀. Pip náà wọ aran: owó tí Magwitch fi òógùn ojú kó jọ nídìí àgùntàn sísìn ní Ọsirélíà ni ó fi di ọ̀tọ̀kùlú, ṣùgbọ́n nígbà tí ó mọ̀ ọ́n, ó kórìíra rẹ̀. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, àmọ́ ikú ni òfin pèsè sílẹ̀ de Magwitch tí ó padà wálé.

Àléébù kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Nínú ìwé yìí, Ọsirélíà kò ju ibi tí owó ti ń wá lọ. Àwọn ará Eora, tí a tẹ Sydney dó sórí ilẹ̀ wọn, kò ní ohùn kankan níbẹ̀. Ìjọba tí ó ń fìyà jẹ ẹni tí ó jí ohun kékeré ni ó gba ilẹ̀ onílẹ̀. Dickens kò rí olè ńlá yẹn.

A rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kí ẹ ka ìwé yìí pọ̀ mọ́ Les Misérables tí Victor Hugo tẹ̀ jáde ní ọdún 1862. Hugo fi ẹnu ara rẹ̀ bá òfin jiyàn nítorí búrẹ́dì tí Jean Valjean jí. Dickens kò jiyàn: ó mú kí Pip di ọwọ́ Magwitch mú níwájú adájọ́, lójú gbogbo ènìyàn. Níbẹ̀ ni Pip ti bọ́ aran sílẹ̀.