Àkàrà Kì í Ṣe Iná

Ojúgbà mi kan tún ti kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ pé "bọ́ọ̀lù iná" ni àkàrà túmọ̀ sí lédè Yorùbá, àti pé ibẹ̀ ni acarajé tí wọ́n ń tà nígboro Salvador, ní Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil, ti rí orúkọ. Lẹ́nu Yorùbá wo ló ti gbọ́ ọ? Àkàrà ni àkàrà. Abẹ́ agbada ni iná rẹ̀ wà, kò sí nínú orúkọ.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí gbà wọlé. Àwọn adóṣù Ṣàngó a máa gbé òwú tí wọ́n rẹ sínú epo mì, tòun ti iná tó ń jó lórí rẹ̀. Àkàrà ni wọ́n ń pe òwú náà, orúkọ ọ̀hún sì wà nílé òrìṣà ní Brazil. Àkàrà ẹ̀wà tí wọ́n ń dín fún Ọya yàtọ̀ sí i pátápátá. Acarajé kò ju "àkàrà" àti "jẹ" tí ẹnu lẹ̀ pọ̀ lọ.

Ìbá sàn kí àwọn tó ń jiyàn orúkọ ka Manuel Querino. Adúláwọ̀ ni, ọmọ Santo Amaro ní Bahia. Wọ́n bí i ní 1851, ó kú ní 1923, ìwé rẹ̀ lórí oúnjẹ Bahia sì jáde ní 1928. Querino kọ ìwọ̀n ọlọ sílẹ̀: 50 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 23 ní fífẹ̀, bí 10 ní gíga. Ó ní wọn a rẹ ẹ̀wà sómi tútù títí èèpo yóò fi bọ́, wọn a lọ̀ ọ́ lórí òkúta, wọn a fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i. Ata ńkọ́? Kò sí nínú ẹ̀wà lílọ̀ náà. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń lọ ata gbígbẹ, àlùbọ́sà àti edé, wọn a dín in nínú epo, òun ni wọ́n fi ń jẹ àkàrà. Ata tí ìyá alákàrà wa ń lọ̀ mọ́ ẹ̀wà ti jáde síta lọ́hùn-ún, ó di ọbẹ̀.

Orí bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an ló yẹ ká dúró sí, kì í ṣe ìdí orúkọ. Àwọn kan ní àkàrà Bahia kì í ṣe àkàrà mọ́, torí pé wọ́n ń la inú rẹ̀, wọ́n ń ki vatapá, ọbẹ̀ wọn tó ki, àti edé sí i. Wọn kò wo ọwọ́ alákàrà. Pípò ni àkàrà. Ẹ̀wà tí a kò pò títí yóò fi hó, tí yóò fi fúyẹ́ débi pé ẹ̀kán rẹ̀ yóò léfòó lórí omi, yóò le bí òkúta bó bá kúrò nínú epo. Mo rí i níbí, bákan náà ló sì rí ní Salvador: ṣíbí onígi kì í sinmi nínú ìkòkò ẹ̀wà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìjọba Brazil tó ń tọ́jú ogún ìbílẹ̀ máa kọ ọ́ sínú ìwé ní 2005, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń dín in ni wọ́n kọ. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ti Ọya ni àkàrà lọ́hùn-ún, Ọya sì mọ ọ̀nà òkú. Nílé wa, bí àgbàlagbà bá kú, wọn a dín àkàrà, wọn a pín in yí àdúgbò ká. Lọ́jọ́ tí ìyá wa àgbà kú, àkàrà gbígbóná nínú ewé ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi pé wọ́n ti lọ.