Ọwọ́ Ìlù àti Ẹsẹ̀ Ijó: Àyẹ̀wò Ètò Kọ̀ǹpútà Tí Ń Ka Ìlù

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni irú ètò kọ̀ǹpútà kan tí a ṣe láti máa gbọ́ orin bí orin ti ń lọ lọ́wọ́, kí ó sì máa sọ ibi tí ẹsẹ̀ ìlù ń bọ́ sí. Ó ti wà lórí fóònù báyìí. Ẹnikẹ́ni nínú wa lè gbé e sí iwájú onílù, kí ó sì rí iye ẹsẹ̀ tí ó kà láàrin ìṣẹ́jú kan: 104, 120, tàbí iye mìíràn. A ó máa pè é ní akàlù. Ìdí tí ó fi kan àwa olùkọ́ àti olùdánwò ni pé ó rọrùn láti rò pé irinṣẹ́ tí kì í ṣe ojúsàájú yìí yóò ràn wá lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì lórí ìlù lílù àti ewì alohùn. Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí a lò ó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé a kò ṣe ẹ̀rọ náà dáadáa. Ohun tí ó ń kà àti ohun tí àwa ń dánwò ni kì í ṣe ọ̀kan náà.

A kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ àwọn tí ó ṣe é. Masataka Goto àti Yoichi Muraoka ní ilẹ̀ Japan ti gbé irú rẹ̀ jáde ní 1994. Eric Scheirer kọ nípa tirẹ̀ ní MIT ní Amẹ́ríkà ní 1998. Ní 2009, Adam Stark, Matthew Davies àti Mark Plumbley ti Queen Mary ní Lọ́ńdọ̀nù gbé BTrack kalẹ̀. Ní 2021, Ableton Live, tí àwọn olórin máa ń lò lórí ìtàgé, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ìyára onílù fúnra rẹ̀. Bí irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe sábà ń ṣiṣẹ́ ni pé yóò gé ìró sí wẹ́wẹ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Yóò wá ibi tí ìró ti ru sókè lójijì. Ibẹ̀ ni ó gbà pé ọwọ́ ti ba awọ. Yóò wá àlàfo tí ó ń padà wá láàrin ọwọ́ kan àti òmíràn, yóò sì ti inú èyí sọ ìgbà tí ẹsẹ̀ tí ó kàn yóò bọ́ sílẹ̀. Nítorí pé orin ń lọ lọ́wọ́, kò lè gbọ́ tán kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí oníjó tí ó ti gbé ẹsẹ̀ sókè kí onílù tó gbé ọ̀pá sílẹ̀. Lójú tiwa, ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà nìyí, ó sì yẹ kí a kan sáárá sí i.

Ṣùgbọ́n irú etí wo ni wọ́n fún un? Láàrin 80 àti 160 ní ìṣẹ́jú kan ni BTrack ti ń wá ìyára. Ètò mìíràn tí à ń pè ní librosa, tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fún orin tí a ti gbà sílẹ̀, 120 ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀ ìrò rẹ̀ bí a kò bá sọ ohun mìíràn fún un. Àkójọ orin GTZAN, tí George Tzanetakis àti Perry Cook lò ní 2002, tí àwọn onímọ̀ sì ti fi dán akàlù wò lẹ́yìn náà, ní orin 1000 ní ẹ̀yà 10: blues, disco, jazz, reggae àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀yà tí ó ń jẹ́ àpàlà níbẹ̀, kò sí sákárà, kò sí dùndún.

Ẹ jẹ́ kí a mú agogo ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀nà agogo kan wà nínú orin Yorùbá tí Anthony King kọ nípa rẹ̀ nínú jọ́nà African Music ní 1960. Bí a bá pín àyípo rẹ̀ sí ìdá 12 tí ó dọ́gba, ọwọ́ 7 ni agogo ń lù, bí a ti sábà ń kọ ọ́ sílẹ̀: lórí 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12. Oníjó kò gbé ẹsẹ̀ lórí gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ó ń gbé: lórí 1, 4, 7 àti 10. Kí olùkọ́ fi ìka lu tábìlì, kí ó sì fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, yóò rí i. Ẹsẹ̀ kìíní bá agogo pàdé, ẹ̀kẹrin bá a pàdé, ṣùgbọ́n ìkejì àti ìkẹta bọ́ sí ibi tí agogo ti dákẹ́. Nísinsìnyí, bí akàlù bá gbọ́ agogo yìí nìkan, tí gbogbo ọwọ́ dọ́gba ní agbára, tí ó sì ń wá ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ó bá ọwọ́ pàdé jù lọ, 3, 6, 9 àti 12 ni yóò mú, nítorí pé agogo dún lórí mẹ́ta nínú wọn. Ìṣirò rẹ̀ tọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í sì í sí nínú agbo. Ọmọ tí ó dàgbà sí ìdí ìlù mọ ibi tí ẹsẹ̀ wà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lu ibẹ̀.

Ní ti ìyáàlù, ọ̀rọ̀ náà kan èdè gan-an, àdúgbò kan ní Èkó ni a ó sì fi ṣàlàyé. Fádèyí ni ibùdókọ̀ kan ní ojú títì Ìkòròdú (ti Fádèyí Olóró inú eré kọ́ ni a ń sọ). Agbègbè Ṣómólú àti Bàrígà ni ó wà. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní sílébù mẹ́ta mẹ́ta. Kí onílù fi ìyáàlù pè wọ́n ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Fádèyí: mí-dò-mí. Ṣómólú: mí-mí-mí. Bàrígà: dò-mí-dò. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, tí a sì ti sọ fún pé orúkọ àdúgbò ni à ń pè, kò ní ṣi ọ̀kan gbọ́ fún èkejì. Akàlù ń kọ́? Ọwọ́ mẹ́ta, ọwọ́ mẹ́ta, ọwọ́ mẹ́ta. Ìyára kan náà ni yóò kọ fún gbogbo wọn.

Ẹ wo ohun tí èyí yóò fà nínú ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ fi ìlù sọ Bàrígà, ó sì lu Fádèyí, ṣùgbọ́n àlàfo ọwọ́ rẹ̀ gún régé. Akẹ́kọ̀ọ́ kejì lu Bàrígà bí ó ti yẹ, ó sì fa sílébù ìkẹyìn díẹ̀, bí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lù ti ń ṣe ní ìparí gbólóhùn. Bí a bá fi ti akàlù ṣe, ẹni àkọ́kọ́ ni yóò gba máàkì. Irú ìdájọ́ yìí kò ṣeé gbà, bí ó ti wù kí ojúsàájú jìnnà sí i tó.

A kò sọ pé ìró fúnra rẹ̀ kò ní àmì tí ẹ̀rọ lè dá mọ̀. Ní 2021, Cecilia Durojaye àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú Frontiers in Psychology. Wọ́n fún ènìyàn 107 ní àpẹẹrẹ ìlù dùndún 30 láti gbọ́: onílù fi 15 sọ̀rọ̀, ó lu 15 bí orin lásán. Àwọn tí ó ti mọ dùndún tẹ́lẹ̀ dá èyí tí ń sọ̀rọ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò sọ̀rọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Síbẹ̀, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n náà ṣe ju ẹni tí ó kàn ń méfò lọ. Agbára ìró, ìlọsókè-sódò ohùn, àwọ̀ ohùn àti àlàfo àkókò wà lára ohun tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó hàn nígbà náà pé a lè kọ́ ẹ̀rọ láti kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá ìlù ń sọ̀rọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Akàlù tí ó wà lọ́wọ́ àwa olùkọ́ lórí fóònù kì í bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí.

Ti ewì alohùn tilẹ̀ burú ju ti ìlù lọ. Adébóyè Babalọlá, tí ó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó ní Akọka, tí kò jìnnà sí Fádèyí, ti kọ ìwé lórí àkóónú àti ìhun ìjálá láti 1966. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìsàré ìjálá mọ̀ pé èémí, gbólóhùn àti ohùn ni ó ń darí rẹ̀; kò sí àlàfo ọgbọọgba tí a lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé. Bí a bá gbé irú BTrack sí iwájú rẹ̀, kò ní sọ pé òun kò rí ẹsẹ̀ kankan. Yóò máa kà lọ ni. Olùdánwò tí kò bá fura yóò kọ iye náà sínú ìwé máàkì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì jìyà ohun tí kò sí nínú iṣẹ́ tí a fún un.

Níbi tí akàlù ti dára, ẹ jẹ́ kí a gbà pé ó dára: orin ìjọ tí a fi dúró-mù onílé-iṣẹ́ lù, àti orin ìgbàlódé tí a ti fi kọ̀ǹpútà tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní gbangba Fádèyí, ọ̀rọ̀ náà yóò tún le díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń dún, kọndọ́kítọ̀ ń pe Fádèyí léraléra láìdáwọ́ dúró, igbe kọ̀ọ̀kan sì ń ru ìró sókè lójijì. A kò mọ ìdí tí akàlù kò fi ní ka òun náà mọ́ onílù.

Ohun méjì ni a fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa gbé yẹ̀ wò. Èkíní, kí a má fi iye tí akàlù bá mú jáde sí ìwé máàkì ìlù tàbí ewì alohùn rárá, àfi ibi tí ìbéèrè bá ti sọ ní kedere pé kí akẹ́kọ̀ọ́ di ìyára kan mú. Èkejì, iṣẹ́ wà nílẹ̀ tí àwa olùkọ́ èdè ní ìmọ̀ fún ju onímọ̀ ẹ̀rọ lọ. Àwọn onílù àti oníjó pọ̀ ní agbègbè yìí. Crown Troupe of Africa, tí Ṣẹ́gun Adéfilà dá sílẹ̀ ní 1996, Bàrígà ni ó fi ṣe ibùjókòó. Kí a gba ìlù sílẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, kí a kọ ọ̀rọ̀ tí ìyáàlù sọ sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí oníjó kan sì máa pàtẹ́wọ́ sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá bọ́ sí. Àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni GTZAN kò ní.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó kù. Bíìtì ni àwọn olórin ń pe gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà fún ohun tí ọwọ́ ṣe àti ohun tí ẹsẹ̀ ṣe. A dábàá pé kí a máa pe ìró tí ọ̀pá tàbí àtẹ́lẹwọ́ mú jáde ní ọwọ́ ìlù, bí àwọn onílù ti ń pè é tẹ́lẹ̀, kí a sì máa pe ibi tí ara ń tẹ̀ lé, bóyá ìlù dún níbẹ̀ tàbí kò dún, ní ìṣísẹ̀ ìlù.